Ọ̀RỌ̀ INÚ ILÉ: Asẹ́ Odò Tí A Fi Ṣe Bọ́tìnnì

Ní ọ̀sẹ̀ yìí a fẹ́ sọ ìtàn kan fún yín tí ó bẹ̀rẹ̀ láti ara bọ́tìnnì ẹ̀wù, tí ó sì parí sí inú omi mímu. Bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ó ti ṣẹlẹ̀, kò sí ìyá ilé kan tí kò ní yé, nítorí ọ̀ràn asẹ́ ni.

Gbogbo ìyá tí ó ti sẹ́ ògì rí ni ó mọ̀ pé bí asẹ́ bá ya, eèrí yóò bá omi lọ sínú ìkòkò. Odò pẹ̀lú ní asẹ́ tirẹ̀. Nínú àwọn odò Amẹ́ríkà ni ẹ̀dá kan ń gbé tí àwọn Òyìnbó ń pè ní mussel. Ó bá ìṣáwùrú tan díẹ̀, ṣùgbọ́n ìkarahun rẹ̀ jẹ́ méjì tí ń pàdé ara wọn bí ilẹ̀kùn aláwẹ́ méjì. Nítorí náà oníkarahun méjì ni a ó máa pè é. Kò ní orí. Ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ni ó ní, èyí tí ó fi ń ri ara rẹ̀ mọ́ iyanrìn ìsàlẹ̀ odò. Níbẹ̀ ni yóò ti la ìkarahun rẹ̀ díẹ̀, tí yóò máa fa omi wọlé ní ihò kan, tí yóò sì máa tú u jáde ní ihò kejì. Ewéko wínníwínní tí ó wà nínú omi náà, àti àwọn kòkòrò tí ojú kò lè rí, àti ẹrẹ̀ lẹ́búlẹ́bú, gbogbo rẹ̀ ni ó ń sẹ́. Èyí tí ó lè jẹ, a jẹ ẹ́. Èyí tí kò lè jẹ, a fi itọ́ ara rẹ̀ dì í pọ̀, a sì tu ú sí ìsàlẹ̀, níbi tí àwọn kòkòrò odò ti ń fi í ṣe oúnjẹ. Ọ̀kan ṣoṣo tí ó bá dàgbà lè sẹ́ omi tí ó tó garawa méjì ní ọjọ́ kan. Ẹ wá ro ohun tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn yóò ṣe, ní ọ̀sán àti ní òru, láìgba owó ọ̀yà. Àwọn ẹ̀yà mìíràn nínú wọn a sì máa gbé ayé ju 50 ọdún lọ.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ gbọ́ ọgbọ́n ẹ̀dá yìí. Òun fúnra rẹ̀ kò lè rìn jìnnà. Báwo ni ọmọ rẹ̀ yóò ṣe dé ibòmíràn nínú odò? Ẹja ni ó ń bá a pọ̀n wọ́n. Ọmọ náà kéré púpọ̀púpọ̀, bí kò bá sì tètè rí ẹja rọ̀ mọ́, kíkú ni yóò kú. Nítorí náà àwọn ìyá kan a máa na ẹran ara wọn jáde kúrò nínú ìkarahun, wọn a sì máa mì í bí ẹja kékeré tí ń lúwẹ̀ẹ́. Ẹja ńlá a rò pé oúnjẹ dé. Bí ó ti bù ú ṣán báyìí, ìyá a tú àwọn ọmọ sí i lẹ́nu, wọn a sì rọ̀ mọ́ inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, níbi tí ẹja ti ń mí. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀ wọn a já bọ́ sí ìsàlẹ̀ odò, olúkúlùkù a sì dá dúró. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ẹja ni ó lè gbà wọ́n. Ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan ni ó ní ẹja tirẹ̀. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí a ó tún padà kàn án.

Ní ọdún 1887, ọkùnrin ará Jámánì kan, John Boepple, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ bọ́tìnnì ṣíṣe, ré òkun lọ sí Amẹ́ríkà. Ó rí i pé inú ìkarahun àwọn ẹ̀dá wọ̀nyí ń dán, ó sì nípọn tó láti gé bọ́tìnnì. Nígbà tí ìjọba fi owó bodè ńlá lé bọ́tìnnì òkè òkun ní 1890, ọ̀nà là fún un. Ní 1891 ó dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀ ní Muscatine, ìlú kan ní ìpínlẹ̀ Iowa, létí odò Mississippi. Àwọn ènìyàn ya bo odò. Wọ́n ń fi ọ̀pá tí a so ìwọ̀ púpọ̀ mọ́ wọ́ ìsàlẹ̀ omi láti inú ọkọ̀. Bí ìwọ̀ bá sì ti bọ́ sí ẹnu ìkarahun, ẹ̀dá náà a pa ẹnu dé mọ́ ọn, a sì fà á jáde. Ní ọdún 1905, bọ́tìnnì tí a ṣe ní ìlú kan yìí tó bílíọ̀nù kan àti ààbọ̀, ó sì ju ìdá kan nínú mẹ́ta gbogbo bọ́tìnnì ayé lọ. Ìyá àti ọmọ rí iṣẹ́ ṣe níbẹ̀, a kò sì bá wọn wí pé wọ́n wá oúnjẹ òòjọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ẹ̀dá tí ó ń lo ọ̀pọ̀ ọdún kí ó tó dàgbà ni wọ́n ń kó bí ẹni ń kó àgbàdo lóko. Àwọn baba wa ti wí i pé, àgbà tí ó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ dé ilé.

Nígbà tí odò bẹ̀rẹ̀ sí ṣófo, ẹ̀rù ba àwọn oníbọ́tìnnì pàápàá. Ní 1908 ìgbìmọ̀ aṣòfin Amẹ́ríkà pa á láṣẹ pé kí a dá ibùdó kan sílẹ̀ ní Fairport, nítòsí Muscatine, láti wá ọ̀nà tí a ó fi máa sin oníkarahun méjì. Boepple tìkára rẹ̀ bá wọn ṣiṣẹ́ níkẹyìn ayé rẹ̀. Ẹ wo ìdájọ́ ayé: ìkarahun gé e lẹ́sẹ̀ nínú odò, egbò náà bàjẹ́, ó sì ti ipa rẹ̀ kú ní 1912. Àwọn ọ̀mọ̀wé Fairport ń fi ọmọ oníkarahun méjì sí ara ẹja, wọ́n sì ń dá ẹja padà sínú odò. Ìmọ̀ wọn dára, ṣùgbọ́n ọwọ́ kan ni ó ń gbìn, ọwọ́ mẹ́wàá ni ó ń kó. Lẹ́yìn èyí ni ìdọ̀tí ìlú ńlá, àti ẹrẹ̀ tí òjò ń gbá láti inú oko, àti àwọn ìdídò tí kò jẹ́ kí ẹja gòkè, parí iyókù. Níbi tí ẹja kò bá ti lè dé, àwọn àgbà oníkarahun méjì lè wà láàyè fún ọ̀pọ̀ ọdún, síbẹ̀ kí wọ́n má rí ọmọ kan ṣoṣo gbẹ̀yìn wọn. Ẹni tí ó bá bojú wo odò yóò rò pé ilé kún; kò mọ̀ pé ilé arúgbó ni.

Bọ́tìnnì ike dé, iṣẹ́ bọ́tìnnì ìkarahun kú, ṣùgbọ́n odò kò padà bọ̀ sípò fúnra rẹ̀. Nínú nǹkan bí 300 ẹ̀yà tí a mọ̀ ní Amẹ́ríkà ti Àríwá, bí méje nínú mẹ́wàá ni ó wà nínú ewu, àti ní 2023 ìjọba Amẹ́ríkà kéde pé ẹ̀yà mẹ́jọ ti run pátápátá.

Síbẹ̀ ìrètí kò pin. Ní ilé ìtọ́jú ẹja ti ìjọba ní Genoa, ní ìpínlẹ̀ Wisconsin, wọ́n tún gbé iṣẹ́ Fairport dìde, kì í ṣe nítorí bọ́tìnnì mọ́, bí kò ṣe nítorí odò. Wọ́n ń fi sùúrù gba ọmọ lára ìyá, wọ́n ń kó wọn sínú omi pẹ̀lú ẹja tí ó yẹ wọ́n, wọ́n sì ń fi ẹja náà sínú àgò tí a rì sínú odò, kí àwọn ọmọ lè já bọ́ sínú rẹ̀ kí wọ́n sì dàgbà. Ní Philadelphia pẹ̀lú, ìlú tí ó ń mu omi odò Schuylkill àti Delaware, a ṣí irú ilé bẹ́ẹ̀ ní 2017, ní ilé omi àtijọ́ ti Fairmount.

Ẹnìkan lè wí pé: bí asẹ́ yìí bá dára tó bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kí a kó wọn dà sínú odò tí ó bàjẹ́, kí àwa sì máa da ìdọ̀tí wa lọ. Rárá o. Nínú omi tí ó kún fún ẹ̀gbin, àwọn ọmọ wọn ni yóò tètè kú. Asẹ́ kì í ṣe ààtàn. Kí a kọ́kọ́ dá ìdọ̀tí dúró, kí a ṣí ọ̀nà fún ẹja, lẹ́yìn náà kí a tó dá asẹ́ padà sí ipò rẹ̀.

Iṣẹ́ yìí kì í ṣe ti oníkánjú. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń rì àgò náà sínú odò lónìí kò ní sí mọ́ nígbà tí àwọn tí wọ́n tọ́ bá di àgbà odò, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ wọn yóò mu omi náà. Nígbà tí ẹ bá tún ń rán bọ́tìnnì mọ́ ẹ̀wù àwọn ọmọ yín, ẹ sọ ìtàn yìí fún wọn. Ó dọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀.