Ẹ Jẹ́ Káwọn Ọmọ Jọ Dáná, Bó Tilẹ̀ Máa Jóná

Ọmọ ọdún mẹ́wàá tó ń gbé abúlé lẹ́yìn Àkànrán tàbí Ìjàyè mọ ẹ̀gẹ́ dáadáa. Ó mọ bí wọ́n ṣe ń gé igi rẹ̀, tí wọ́n ń rì í mọ́ ebè, ó sì mọ bí wọ́n ṣe ń wú u tí kò fi ní dá sínú ilẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ bi í pé ọjọ́ mélòó ni wọ́n ń rẹ ẹ́ sómi kó tó di fùfú, àti ìdí tí wọ́n fi ń rẹ ẹ́. Ọ̀pọ̀ ọmọ, àgàgà ọkùnrin, ni yóò kàn máa wò yín lójú. Káàkiri Akínyẹlé, Lágelú, Ẹgbẹ́dá àti Ọ̀nà-Àrà, níbi tí oúnjẹ ti ń jáde lọ sọ́jà Ìbàdàn, à ń tọ́ ọmọ tó mọ oúnjẹ mọ etí oko nìkan. Èrò tèmi ni pé kí ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wa máa kọ́ wọn ní oúnjẹ sísè, kí wọ́n máa ṣe é lẹ́gbẹẹgbẹ́, tẹ̀rín-tẹ̀rín, tọkùnrin tobìnrin.

Àwọn kan yóò ní ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, pé iṣẹ́ ìyá ni láti kọ́ ọmọ ní ìdáná. Òótọ́ ni, n kò sì ní kí ìyá kankan fi í sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo bí ilé ṣe ń kọ́ ni. Oúnjẹ alẹ́ gbogbo ẹbí ló wà nínú ìkòkò kan ṣoṣo. Bó bá jóná, ebi ni wọn yóò sùn, owó ata àti òróró sì ti lọ nìyẹn. Ìyá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọjà Mọ́níyà dé, tó ti rẹ̀, kò lè fi irú ìkòkò bẹ́ẹ̀ dán ọmọ wò. Ṣe ló máa ń rán an níṣẹ́: bu omi wá, gé ilá, fọ abọ́, koná mọ́ ọn. Ó máa ń pẹ́ kí wọ́n tó gbà kí ọmọ fúnra rẹ̀ pinnu iye iyọ̀ tó máa bọ́ sínú ọbẹ̀, bó bá sì ṣì í, igbe ló máa gbọ́. Ìkòkò kékeré tí ọmọ mẹ́fà jọ ń tọ́jú nílé ìwé kò rí bẹ́ẹ̀. Bí iyọ̀ bá pọ̀ jù níbẹ̀, kò sí ilé tí ebi máa pa. Àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà á jọ rẹ́rìn-ín, wọ́n á sì jọ wá ìdí rẹ̀. Ẹni tí wọn kò fún láyè àṣìṣe, àṣẹ ló ń tẹ̀ lé, kò tíì kọ́ iṣẹ́. Àwọn ọmọ fúnra wọn ti mọ èyí tipẹ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń kó agolo jọ sẹ́yìnkùlé, tí wọ́n ń fi yẹ̀pẹ̀ ro àmàlà, tí wọ́n sì ń bù ú fún ara wọn.

Bó bá jẹ́ èmi ni wọ́n bi, mọ́ínmọ́ín ni mo máa fi bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ inú rẹ̀ kárí ọmọ púpọ̀, ọ̀rọ̀ iná kì í sì í dé títí di ìgbẹ̀yìn. Ẹgbẹ́ kan á ṣa ẹ̀wà, wọ́n á yọ òkúta àti èyí tí kòkòrò ti jẹ kúrò. Òmíràn á bó o. Eré gidi sì ni bíbó ẹ̀wà, kí èèpo máa léfòó, kí àwọn ọmọ máa dà á nù láìjẹ́ kí ẹ̀wà bá a lọ. Nígbà tí wọ́n bá lọ̀ ọ́ dé, ìṣirò wọ̀ ọ́: dẹ̀ríkà ẹ̀wà kan, ata mélòó, ṣíbí òróró mélòó, omi ti ṣe máa pọ̀ tó? Ẹgbẹ́ tó bomi jù yóò fojú ara rẹ̀ rí i pé kò ní dì. Ewé eéran ló wá kù, ibẹ̀ sì ni ìdíje wà. Kí a ká ewé kó rí ṣóńṣó nísàlẹ̀, kí a ṣẹ́ ìdí rẹ̀, kí a bu ẹ̀wà sí i, kí a pọ́n ọn kó má jò: ọwọ́ ló ń mọ èyí, ìwé kì í kọ́ni. Ọmọ tí ìṣirò ojú pátákó ń dà láàmú lè jẹ́ ẹni tí ewé tirẹ̀ kò jò rárá, lọ́jọ́ náà àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni yóò máa wá kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kọjá adùn ẹnu. Ẹ̀gẹ́ kíkorò ní oró nínú. Rírẹ, fífún àti yíyan ló ń lé e lọ. Ní Kóńgò àti Mòsáńbíìkì, nígbà tí ọ̀dá tàbí ogun mú kí àwọn èèyàn dín ọjọ́ rírẹ tàbí sísá ẹ̀gẹ́ kù, àrùn kan tí wọ́n ń pè ní konzo rọ ọmọdé àti obìnrin lẹ́sẹ̀ lójijì, kò sì lọ mọ́. Àwọn ìyá wa mọ iye ọjọ́ tó yẹ, wọn kò sì gbọdọ̀ mú ìmọ̀ náà lọ sọ́run. Ẹ tún wo IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ ọ̀gbìn tó ti wà nítòsí àwọn abúlé Akínyẹlé láti 1967. Ní 2011, òun àti ilé ìwádìí tó wà ní Umudike gbé ẹ̀gẹ́ aláwọ̀ ìyeyè jáde fún àwọn àgbẹ̀ Nàìjíríà, èyí tó ní fítámì A tí ojú ọmọdé nílò. Onímọ̀ ti ṣe tirẹ̀, ṣùgbọ́n nídìí ààrò ni wọ́n ti máa mọ̀ bóyá ọmọ yóò jẹ ẹ́. Ìwádìí ìjọba ní 2018 sì fi hàn pé nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ Nàìjíríà tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, 37 ni kò ga tó bó ṣe yẹ, àìjẹunrekánú sì wà lára ohun tó fà á. Bẹ́ẹ̀ tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ àti ewúro ń hù lẹ́yìnkùlé wa, Indomie sì ni ọ̀pọ̀ ọmọ kọ́kọ́ ń mọ̀ ọ́n sè. N kò bá Indomie jà o. Ọmọ tó bá mọ bí wọ́n ṣe ń já ṣọkọ sí i ti sọ ọ́ di oúnjẹ gidi.

Inú àwọn bàbá kan kò ní dùn kí ọmọkùnrin wọn máa ro àmàlà. Kí wọ́n rántí abà. Ọkùnrin ló ń sun iṣu níbẹ̀, òun ló ń se ọbẹ̀ ẹran ìgbẹ́, kò sì sẹ́ni tó ní ó ti di obìnrin. Ọmọkùnrin yìí náà ni yóò lọ kọ́ṣẹ́ ní Ìbàdàn tàbí Èkó lọ́la, tí yóò máa ná ìdajì owó rẹ̀ ní búkà. Ní Jàpáànù, láti 1993 ni tọkùnrin tobìnrin ti jọ ń kọ́ ẹ̀kọ́ ìtọ́jú ilé ní girama kékeré. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, oúnjẹ sísè ti di dandan nílé ìwé ìjọba láti oṣù kẹsàn-án 2014, títí ọmọ á fi tó ọdún mẹ́rìnlá.

Àtakò tó wúwo jù ni iná. Ọ̀bẹ ń gé ọmọ, omi gbígbóná ń bó wọn lára, èéfín igi kò sì dára fún ẹ̀dọ̀fóró. Mo gbà. Àmọ́ àwọn ọmọ wa ti ń koná ná, láwọn nìkan nínú ilé, nígbà tí àgbà wà lóko. Níta gbangba, kí àgbà méjì dúró ti iná, kí kẹrosíìnì má débẹ̀, kí àkàrà àti gbogbo ohun tó ń fẹ́ òróró gbígbóná dúró di ìgbà tí wọ́n bá dàgbà sí i, ewu ibẹ̀ kò ní tó ti ilé. Ní ti owó, kí a má gbé ojú lé ìjọba jù. Ètò oúnjẹ ọ̀fẹ́ tí ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ nílé ìwé ní 2016, alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kìn-ín-ní sí ìkẹta nìkan ló wà fún, wọ́n sì tún dá a dúró ní oṣù kìn-ín-ní 2024. Àwọn obìnrin tó sè é ṣì wà láàárín wa, wọ́n sì mọ bí wọ́n ṣe ń dáná fún èrò. Dẹ̀ríkà ẹ̀wà mélòó kan lóṣù kò kọjá agbára ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́.

Ẹ̀yin ọ̀gá ilé ìwé ní Lálúpọn, Ẹ̀rúnmu, Mọ́níyà àti Àkànrán, ẹ mú ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ kan lóṣù, nítorí Jímọ̀ kò ní bọ́ sí i fún àwọn tó ń lọ kírun, kí ẹ fi kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìkẹrin sí ìkẹfà. Ẹ̀yin òbí, ẹ yọ̀ǹda ìkòkò yín. Bí ẹ bá sì ń kọ orúkọ àwọn tí yóò fọ ìkòkò lẹ́yìn oúnjẹ, orúkọ àwọn ọmọkùnrin ni kí ẹ kọ́kọ́ kọ.