Ìwọ̀n Eku ni Ìwọ̀n Ìtẹ́: Fídíò Orí Íntánẹ́ẹ̀tì àti Ẹ̀kọ́ Èdè Yorùbá

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Òwe yìí bá ọ̀nà tí fídíò ń gbà dé ọ̀dọ̀ olùwòran lórí íntánẹ́ẹ̀tì lóde òní mu. Àwọn olùkọ́ èdè Yorùbá ń ya ìdánilẹ́kọ̀ọ́ sínú fídíò, wọ́n sì ń gbé e sórí YouTube. Ṣùgbọ́n bí olùkọ́ ṣe gbé e síbẹ̀ kọ́ ni gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ṣe ń rí i. Ó yẹ kí olùkọ́ mọ ìdí rẹ̀, nítorí pé àmì ohùn wà lára ohun tí ó ń sọnù lójú ọ̀nà.

Bí fídíò bá ti dé ọwọ́ àwọn tí yóò pín in kiri, wọn yóò ṣe ẹ̀dà rẹ̀ ní ìpele oríṣiríṣi, láti orí èyí tí ó mọ́ kedere tí ó sì wúwo, títí dé orí èyí tí ó fúyẹ́ ṣùgbọ́n tí ó ṣe bàìbàì. Wọn yóò gé ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan sí wẹ́wẹ́. Ègé kan kì í sábà ju ìṣẹ́jú àáyá 2 sí 10 lọ. Wọn yóò tún ṣe àtòjọ tí ó ń sọ ibi tí ègé kọ̀ọ̀kan wà. Inú àwọn kọ̀ǹpútà tí ó wà káàkiri àgbáyé ni wọ́n ń kó àwọn ègé yìí sí, kí olùwòran lè rí wọn gbà nítòsí.

Fóònù olùwòran ni ó ń ṣe ìyókù. Yóò ka àtòjọ náà, yóò wo bí ègé tí ó gbà kẹ́yìn ṣe yára dé sí àti iye èyí tí ó ti kó pamọ́, lẹ́yìn náà ni yóò yan ìpele tí yóò ti mú ègé tí ó kàn. Bí ìsokọ́ra bá dára, yóò gòkè. Bí kò bá dára, yóò sọ̀kalẹ̀. Apple gbé ìlànà tirẹ̀, HLS, jáde ní ọdún 2009. MPEG-DASH, tí ó jẹ́ ìlànà àjùmọ̀lò fún gbogbo àgbáyé, jáde ní ọdún 2012.

Ọgbọ́n tí ó wúlò ni èyí. Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ oníṣẹ́jú 40 tí ń gba 3,000 kílóbíìtì ní ìṣẹ́jú àáyá kan yóò jẹ 900 mẹ́gábáìtì. Ní 300 kílóbíìtì, 90 péré ni yóò jẹ. Ẹni tí owó rẹ̀ kò tó ra dátà púpọ̀ náà yóò rí ẹ̀kọ́ kọ́.

Síbẹ̀, ẹ̀rọ kò gbọ́ Yorùbá. Ní ìpele ìsàlẹ̀, ohun tí ó kéré ni ó kọ́kọ́ ń parẹ́. Lójú ẹ̀rọ, àmì orí lẹ́tà àti àmì abẹ́ rẹ̀ kò yàtọ̀ sí eruku. Oko àti ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀, gbogbo rẹ̀ á di ọ̀kan náà. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ìsokọ́ra rẹ̀ dára yóò kọ́ Yorùbá tí ó pé. Èyí tí tirẹ̀ kò dára yóò kọ́ èyí tí ó lábùkù, kò sì ní mọ̀.

Àwọn kan lè sọ pé kí olùkọ́ ní sùúrù títí ìsokọ́ra yóò fi dára. Ta ni yóò wá kọ́ àwọn ọmọ tí ó wà ní kíláàsì lónìí? Ìpele ìsàlẹ̀ ni ó yẹ kí olùkọ́ fi sọ́kàn nígbà tí ó bá ń ṣètò iṣẹ́ rẹ̀. Kí ó kọ lẹ́tà gàdàgbà, kí ọ̀rọ̀ ojú pátákó má pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Níwọ̀n ìgbà tí ohùn kì í gba dátà tó àwòrán, tí kì í sì í tètè bàjẹ́ bíi tirẹ̀, kí ó máa pe ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ketekete, kí ó sì dárúkọ àmì rẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí ó fi fóònù wo fídíò náà ní ìpele 144p tàbí 240p kí ó tó fi ránṣẹ́.

Ó tọ́ kí àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì ẹ̀kọ́ fi èyí kún ohun tí wọ́n ń kọ́ àwọn olùkọ́ ọ̀la kí wọ́n tó lọ fi iṣẹ́ olùkọ́ dánra wò. Bí wọ́n bá ṣe bẹ́ẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ tí ìsokọ́ra rẹ̀ kò lágbára kò ní pàdánù àmì ohùn èdè rẹ̀.