Gúúsù Kọ́ Ni Oògùn Òtútù

Ọ̀rọ̀ kan wà tó ti di òfin lẹ́nu àwọn tó ń gbé ní àríwá Amẹ́ríkà, ní Kánádà àti ní Yúróòpù. Wọ́n ní bí wíńtà bá ti ń bọ̀, kí èèyàn ra kámpà, ìyẹn ọkọ̀ tó ní bẹ́ẹ̀dì àti ibi ìdáná nínú, kó kọjú rẹ̀ sí gúúsù, òtútù ti tán nìyẹn. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ọmọ Yorùbá tó ti pẹ́ lókè òkun pẹ̀lú, pàápàá àwọn tí ìfẹ̀yìntì ti kù sí dẹ̀dẹ̀. N kò bá ẹnikẹ́ni jà pé ó fẹ́ sá fún òtútù. Ta ni kò fẹ́? Ohun tí mo ń bá jà ni ìgbàgbọ́ pé gúúsù fúnra rẹ̀ ló ń lé òtútù lọ. Irọ́ ni, irọ́ náà sì lè pa èèyàn.

Ẹ wo máàpù Amẹ́ríkà. Seattle wà ní àríwá pátápátá, létí omi, kò jìnnà sí ẹnubodè Kánádà. Flagstaff wà ní gúúsù, ní Arizona, ìpínlẹ̀ tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ aṣálẹ̀ àti oòrùn. Ó ju ẹgbẹ̀rún kìlómítà lọ láti ìkíní dé ìkejì. Ẹni tó bá gba ìmọ̀ràn wọn yóò fi ìdùnnú wa ọkọ̀ rẹ̀ gba ọ̀nà yẹn nínú oṣù Ṣẹ́rẹ́. Nígbà tó bá débẹ̀, yóò rí i pé òru Flagstaff máa ń tutù dé nǹkan bí −8°C, bẹ́ẹ̀ òru Seattle tó fi sílẹ̀ kì í sábà tutù tó 0°C. Yìnyín tó ń bọ́ ní Flagstaff lọ́dún máa ń tó mítà méjì ààbọ̀. Ó sá kúrò níbi tó sàn, ó lọ bá èyí tó le.

Gíga ilẹ̀ ló fà á. Flagstaff fi nǹkan bí 2,100 mítà ga ju ojú òkun lọ, bẹ́ẹ̀ ní gbogbo 1,000 mítà tí èèyàn bá gùn sókè, afẹ́fẹ́ máa ń fi nǹkan bí 6.5°C tutù sí i. Phoenix kò tó wákàtí mẹ́ta síbẹ̀ nínú ọkọ̀, ṣùgbọ́n nǹkan bí 330 mítà péré ni gíga tirẹ̀. Ìdí nìyẹn tí èèyàn fi lè wọ aṣọ fẹ́lẹ́ ní Phoenix lọ́jọ́ tí wọ́n ń gbá yìnyín kúrò lójú títì ní Flagstaff.

Àwọn ti Yúróòpù náà ní tiwọn. Wọ́n á gba Sípéènì kọjá, wọ́n á wọ ọkọ̀ ojú omi ní Algeciras tàbí Tarifa, wọ́n á gúnlẹ̀ sí Mòrókò. Wọ́n á ní àwọn ti dé Áfíríkà, ó parí. Èyí ló ká mi lára jù, nítorí wọ́n ti kọ́ gbogbo ayé, wọ́n sì ti kọ́ àwa náà, pé Áfíríkà kò mọ òtútù. Òtútù tó le jù lọ tí wọ́n tíì kọ sílẹ̀ ní gbogbo Áfíríkà, Mòrókò ni wọ́n ti rí i: −23.9°C, ní Ifrane, nínú oṣù Èrèlé ọdún 1935. Ifrane yìí kò sì fara sin. Àgbègbè òkè yẹn ni ọ̀pọ̀ kámpà tó ń ti Fez lọ sí aṣálẹ̀ Merzouga ń gbà kọjá. Agadir tó wà létí òkun ni ara ti ń tu àlejò nínú oṣù Ṣẹ́rẹ́, orílẹ̀-èdè kan náà sì ni.

Lórí òkè wọ̀nyẹn ni ọ̀rọ̀ gáàsì ti ń di wàhálà. Propane àti butane ni àwọn oníkámpà ń lò nínú sílíńdà. Propane ò ní kọ̀ṣẹ́ nínú òtútù tí èèyàn lè bá pàdé lọ́nà yẹn, nítorí àfi bí òtútù bá dé −42°C kó tó di pé kò lè sọ ara rẹ̀ di afẹ́fẹ́ mọ́. Butane kò rí bẹ́ẹ̀. Bí òtútù bá ti dé ìsàlẹ̀ 0°C díẹ̀ báyìí, inú sílíńdà ló máa jókòó sí bí omi, kò ní jáde. Butane yìí ló sì wọ́pọ̀ jù ní Sípéènì àti Mòrókò. Ẹni tí propane tó gbé láti ilé bá tán lọ́nà yóò gba butane, yóò máa gun òkè lọ, hítà yóò wá kú láàárín òru, nígbà tí kò sí ṣọ́ọ̀bù kankan tó ṣí.

Àwọn tó gbọ́n díẹ̀ á ní àwọn ò ní gun òkè, Quartzsite làwọn ń lọ. Quartzsite wà ní aṣálẹ̀ Arizona, gíga rẹ̀ kò tó 300 mítà, ẹgbẹẹgbẹ̀rún kámpà ló sì máa ń pé jọ síbẹ̀ ní wíńtà. Ilẹ̀ ìjọba àpapọ̀ wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní La Posa. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, 180 dọ́là ni owó rẹ̀ láti ìdajì oṣù Ọwẹ́wẹ̀ títí di ìdajì oṣù Igbe. Ó dára, n kò ní purọ́ mọ́ ọn: ọ̀sán ibẹ̀ máa ń gbádùn mọ́ni. Ṣùgbọ́n àwa tí a mọ ọyẹ́ kò yẹ kí ẹnikẹ́ni tàn wá jẹ. Ṣebí oòrùn ọ̀sán ọyẹ́ a máa ta, kí èèyàn tó wá máa gbọ̀n ní ìdájí? Afẹ́fẹ́ gbẹ, ìkúukùu kò sí lójú ọ̀run, gbogbo ooru tí ilẹ̀ gbà lọ́sàn-án a sì gòkè lọ lóru. Bí aṣálẹ̀ Arizona ṣe ń ṣe gan-an nìyẹn, àfi pé tirẹ̀ lè dé 0°C. Ní ìparí oṣù Ọ̀pẹ, òru ibẹ̀ ń gba nǹkan bí wákàtí 14. Wákàtí 14 nínú páànù tí afẹ́fẹ́ ń gbá lára!

Ibí yìí ni irọ́ náà ti ń pààyàn. Ẹni tó gbà pé gúúsù kò ní òtútù kò ní ra hítà gidi tó ń tú èéfín síta. Kí ló fẹ́ fi ṣe? Nígbà tí òru bá mú un, yóò tan sítóòfù tó fi ń dáná, yóò ti gbogbo fèrèsé, yóò sùn. Kílò kan propane tó bá jó ń tú omi tó ju lítà kan ààbọ̀ lọ sínú afẹ́fẹ́ ọkọ̀. Omi yẹn ló ń rin bẹ́ẹ̀dì gbingbin, tó ń jẹ́ kí ara igi inú ọkọ̀ bu. Ìyẹn ṣì kéré. Bí afẹ́fẹ́ inú ọkọ̀ bá ti ń tán, iná náà yóò máa tú carbon monoxide jáde, gáàsì tí kò ní àwọ̀, tí kò sì ní òórùn. A mọ̀ ọ́n nílé. Òun ló wà nínú èéfín jẹnẹrétọ̀ tó ń pa odindi ìdílé mọ́ inú yàrá. Ní Amẹ́ríkà, ó ń pa èèyàn tó ju 400 lọ lọ́dún, láìka àwọn tí ilé jó mọ́.

Ẹnìkan lè ní kí n dákẹ́, pé ẹni tó bá lọ dé ìsàlẹ̀ Texas pátápátá ti bọ́. Ẹ bi àwọn ará wa ní Houston. Nínú oṣù Èrèlé ọdún 2021, ìkìlọ̀ ìjì yìnyín bo gbogbo káúńtì 254 tó wà ní Texas, títí dé àfonífojì Rio Grande lẹ́nubodè Mexico, níbi tí àwọn àgbàlagbà láti àríwá ti máa ń fi kámpà wọn lo wíńtà. Iná mànàmáná lọ ní ilé tó ju mílíọ̀nù mẹ́rin lọ. Ìjọba ìpínlẹ̀ náà ka òkú 246. Òtútù ló pa èyí tó pọ̀ jù, carbon monoxide sì pa 19 nínú wọn. Nígbà tí òtútù débẹ̀, kò sí gúúsù mìíràn tí wọ́n máa sá lọ láìkọjá ẹnubodè.

Wọ́n á tún ní, "Ṣebí ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń lọ lọ́dọọdún, tí wọ́n sì ń bọ̀ láyọ̀?" Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ẹ wádìí lọ́wọ́ àwọn tó ti pẹ́ nídìí ẹ̀. Ibi tí ilẹ̀ ti rẹlẹ̀ tàbí etí òkun ni wọ́n máa ń wá, wọ́n á wo ojú ọjọ́ kí wọ́n tó gun òkè, wọn kì í sì í sùn ti sítóòfù. Ìmọ̀ yẹn ló gbà wọ́n, kì í ṣe gúúsù.

Ẹ̀yin bàbá àti ìyá wa tí ẹ ń gbèrò àtilọ lọ́dún yìí, mo bẹ̀ yín. Kí ẹ tó béèrè bí ibẹ̀ ṣe jìnnà sí gúúsù tó, ẹ béèrè bí ilẹ̀ rẹ̀ ṣe ga tó àti iye tí òru rẹ̀ ń tutù dé. Ẹ fi hítà tó ń tú èéfín síta sínú ọkọ̀ yín, kí ẹ sì gbé ẹ̀rọ tó ń pariwo bí carbon monoxide bá wọlé kọ́ sítòsí ibi tí ẹ ń sùn. Kò wọ́n. Bí ẹ kò bá tíì rà á, ẹ má tíì gbéra.