Bí Ọkọ̀ Bá Gbá Ènìyàn: Ìdáríjì Kì Í Ṣe Títẹ Ìka



Ọ̀rọ̀ tí a mú wá sí ojú ewé ìdílé lóṣù yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ dídùn. Eré àwọn ọkọ̀ ti pọ̀ lójú ọ̀nà ọlọ́dà, zẹmijan sì kún ìgboro. Ẹ wo inú ẹbí yín, bóyá ẹ ó rí ẹnì kan tí ọkọ̀ ti gbá rí.

Bí ó ti sábà máa ń rí nìyí. Ìyá kan gun ẹ̀yìn zẹmijan lọ sí ọjà, ó gbé igbá gàrí lé itan. Ọkọ̀ akẹ́rù gbá wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹsẹ̀ ìyá kán. Ní ọjọ́ kẹta, ẹni tó ni ọkọ̀ kó àwọn àgbà lẹ́yìn wá, wọ́n dọ̀bálẹ̀, wọ́n gbé ìrẹsì àti 50,000 fáráǹkì kalẹ̀. Àwọn ẹbí ní: «Iṣẹ́ èṣù ni, a ti dárí jì yín.» Ẹnì kan yọ ìwé nínú àpò, ìyá tẹ ìka sí i lórí ibùsùn. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, egungun kò tí ì so, ilé ìwòsàn ní àwọn gbọ́dọ̀ là á, ọmọ méjì sì ti kúrò ní ilé-ìwé. Nígbà tí wọ́n padà tọ ọlọ́kọ̀ lọ, ìwé náà ni ó nà sí wọn.

Àwa kò ní kí ẹnikẹ́ni má dárí jì. Àdúrà Olúwa kò fi àyè sílẹ̀ fún wa níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìdáríjì a máa mú ìkorò kúrò lọ́kàn. Kì í san owó dókítà. Ẹ ṣí Ìwé Èksódù, orí 21, ẹsẹ 18 àti 19. Níbẹ̀ ni òfin Mósè ti pàṣẹ pé ẹni tí ó bá lu ẹnì kejì rẹ̀ títí ó fi dùbúlẹ̀, yóò san owó àwọn ọjọ́ tí kò fi lè ṣiṣẹ́, yóò sì mú kí wọ́n tọ́jú rẹ̀ títí yóò fi sàn. Kátékísìmù Ìjọ tí Póòpù Jòhánù Páúlù Kejì fi lélẹ̀ ní 1992 kò sọ ohun mìíràn ní nọ́ńbà 1459: lẹ́yìn tí a bá ti jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀, ó kù kí a tún ohun tí a bàjẹ́ ṣe, ó sì ka owó tí a ń san nítorí ọgbẹ́ mọ́ ọn. Ará Samáríà nnì pàápàá kò fi ọ̀rọ̀ rere nìkan sílẹ̀ ní ilé àlejò. Ó san owó, ó sì ní òun yóò san èyí tí ó bá kù.

A mọ̀ pé àwọn kan yóò sọ pé a kì í ti kóòtù dé ká ṣọ̀rẹ́. Òótọ́ ni. Ibi tí a ń lọ kọ́ nìyẹn. Ní Bẹ̀nẹ̀ àti ní Tógò, òfin fi dandan lé e pé kí gbogbo ọkọ̀ tó ní ẹ́ńjìnnì ní àsúráǹsì, zẹmijan náà wà nínú rẹ̀. Òfin yìí wà nínú ìwé tí wọ́n ń pè ní Code CIMA. Yaoundé ni àwọn orílẹ̀-èdè ti fọwọ́ sí àdéhùn rẹ̀ ní oṣù keje 1992, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kejì 1995. Ọlọ́kọ̀ ti san owó sílẹ̀ nítorí irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ gan-an. Bí ìyá náà bá béèrè lọ́wọ́ àsúráǹsì, kì í ṣe àpò ọmọ aládùúgbò ni ó ń tú. Ọlọ́kọ̀ tó bá mọ ohun tó ń ṣe, òun fúnra rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ lọ sọ fún wọn. Bí kò bá sì ní àsúráǹsì rárá, ó ti rú òfin, gbèsè náà sì wà lọ́rùn rẹ̀ síbẹ̀, nítorí pé ìwé òfin àtijọ́ tí a jogún lọ́wọ́ Faransé, ní nọ́ńbà 1382, ní ẹni tí àṣìṣe rẹ̀ bá ṣe ẹlòmíràn léṣe ni yóò tún un ṣe.

Kí ni òfin náà fún ẹni tó fara pa? Owó ìtọ́jú, bí a bá fi ìwé ẹ̀rí hàn, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ ju ìlọ́po méjì iye tí ilé ìwòsàn ìjọba tó wà nítòsí ń gbà. Owó ọjọ́ tí kò lè ṣiṣẹ́, bí ó bá ju ọjọ́ 8 lọ. Owó fún àbùkù tó bá kù sí ara, bí dókítà bá ṣe wọ̀n ọ́n. Kò pọn dandan kí ènìyàn máa bẹ̀bẹ̀ kiri: láàárín oṣù 12 lẹ́yìn jàǹbá, àsúráǹsì fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ wá sọ iye tí yóò san. Bí ara kò bá tí ì sàn tán, ó lè kọ́kọ́ dá owó díẹ̀, kí ó san ìyókù nígbà tí dókítà bá ti sọ ibi tí àìsàn dúró sí. Bí ẹni náà bá kú, oṣù 8 ni wọ́n ní láti bá àwọn àrólé àti aya tàbí ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Ṣùgbọ́n gbogbo èyí dúró lórí ìwé, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn wa ti ń pàdánù. Ẹ jẹ́ kí ọlọ́pàá tàbí jándáámù wá wo ibi tí jàǹbá ti ṣẹlẹ̀ kí wọ́n tó gbé ọkọ̀ kúrò, kí wọ́n sì kọ PV. Kí ẹnì kan kọ nọ́ńbà ọkọ̀ àti orúkọ àsúráǹsì rẹ̀ sílẹ̀, ì báà jẹ́ sẹ́yìn ìwé orin. Lẹ́yìn náà, ilé ìwòsàn, lọ́jọ́ náà gan-an. Àwa kò bú àwọn tó ń to egungun, ọwọ́ àwọn kan nínú wọn dára. Àmọ́ wọn kì í kọ ìwé ẹ̀rí tí àsúráǹsì yóò gbà, bí ẹ bá sì kọ́kọ́ lo oṣù méjì lọ́dọ̀ wọn, ta ni yóò jẹ́rìí pé ọkọ̀ yẹn ni ó ṣẹ́ egungun náà? Ẹ kọ́kọ́ gba ìwé dókítà tó sọ iye ọjọ́ ìsinmi. Kí ẹ sì kó gbogbo ìwé oògùn pa mọ́ sínú àpò kan ṣoṣo, títí kan ti 300 fáráǹkì.

Fún opó àti ọmọ aláìní-baba, ìwé ìgbéyàwó ti mérì àti ìwé ìbí àwọn ọmọ ni wọn yóò béèrè. Ẹ má dúró de ọjọ́ ọ̀fọ̀ kí ẹ tó wá a. Ẹ̀yin arákùnrin olóògbé, òfin fẹ́ kí adájọ́ tàbí ìgbìmọ̀ ẹbí rí àdéhùn tó bá kan ọmọ kékeré. Owó ọmọ ni, kì í ṣe owó ìsìnkú.

Ẹ̀yin tí ẹ wà létí ààlà, bí ọkọ̀ láti Nàìjíríà bá gbá yín, ẹ béèrè «carte brune». Kútọnù ni àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ti fọwọ́ sí i ní oṣù karùn-ún 1982, kí àsúráǹsì ọkọ̀ lè ṣiṣẹ́ kọjá ààlà.

Ó ku ọ̀rọ̀ ìka títẹ̀. Bí àsúráǹsì bá kọ̀wé sí yín, ẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti gba ẹ̀dà PV lọ́wọ́ rẹ̀, láti mú agbẹjọ́rò dání, àti láti mú dókítà tí ẹ̀yin fúnra yín yàn wá síbi àyẹ̀wò. Ẹ ṣọ́ra fún àwọn tó ń rìn kiri ilé ìwòsàn, tí wọ́n ní àwọn yóò bá yín gba owó kí ẹ pín in ní ìdajì. Bí ẹ bá ti bá àsúráǹsì ṣe àdéhùn tí ẹ sì wá rí i pé kò tọ́, ọjọ́ 15 wà fún yín láti fi lẹ́tà tí ilé ìfìwéránṣẹ́ fún ní ìwé ẹ̀rí kọ̀ ọ́. Ẹni tí kò bá mọ ìwé Faransé kà, kí ó gba ìwé náà tọwọ́tọwọ̀, kí ó fi í sábẹ́ ìrọ̀rí, kí ó ránṣẹ́ pe ọmọ rẹ̀ tàbí tíṣà tó lè kà á fún un láti òkè dé ìsàlẹ̀. Kò sí òfin kankan tó ní kí a tẹ ìka lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e wá.