Ẹ̀yìnkùlé Tí A Fi Sìmẹ́ńtì Bò

Ọ̀rọ̀ tí àwa fẹ́ bá ẹ̀yin òǹkàwé wa ọ̀wọ́n sọ ní oṣù yìí kì í ṣe ti oyè, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ti ìdìbò. Ọ̀rọ̀ ọbẹ̀ ni, àti ti ilẹ̀ kékeré tí ọbẹ̀ ti ń wá. Bí ẹnìkan bá wí pé ọ̀rọ̀ obìnrin ni èyí, àwa yóò bi í léèrè bóyá òun kì í jẹun.

Ẹni tí ó bá rìn láti Máfòlúkù dé Òkè-Àfà lónìí yóò kọjá ní iwájú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé tí kò ní ilẹ̀ tí a lè fi ọkọ́ kàn. Láti ẹnu géètì títí dé ara ògiri ẹ̀yìn, sìmẹ́ńtì ni. Àwọn Àwórì tí wọ́n tẹ Ìsọlọ̀ dó kò mọ ilé tí kò ní ẹ̀yìnkùlé; níbẹ̀ ni ìyàwó ilé ti ń já ata àti ẹ̀fọ́ nígbà tí omi ọbẹ̀ ti wà lórí iná. Reluwé ni ó kọ́kọ́ la Òṣòdì kọjá. Lẹ́yìn náà ni ọ̀nà ńlá tí ó ti Àpápá wá, àti pápákọ̀ òfurufú tuntun tí a ṣí ní 1979, àti àwọn ilé-iṣẹ́ ìhunṣọ, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ti kógbá sílé, pe èrò wá láti ibi gbogbo. Ilẹ̀ oko di ilé. Èyí kò burú, nítorí ènìyàn ni aṣọ. Ṣùgbọ́n kì í ṣe èrò ni ó pa ẹ̀yìnkùlé. Àwọn onílé ni ó pa á, nígbà tí wọ́n ka erùpẹ̀ sí ìdọ̀tí, tí wọ́n sì ka sìmẹ́ńtì sí ọ̀làjú. Bí òjò bá wá rọ̀, tí omi kò rí ibi wọlé, tí ó sì gba inú yàrá lọ, ìjọba ni wọn yóò máa bú.

Ẹ jẹ́ kí a wo ilá. Òdòdó rẹ̀ kì í lò ju ọjọ́ kan lọ. Láàrin ọjọ́ mẹ́rin sí méje lẹ́yìn rẹ̀, ọmọ ilá ti tó já. Bí a bá fi í sílẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó ti kó, ọ̀bẹ kò sì ní lè rẹ́ ẹ. Nísinsìnyí, ẹ ro ti ilá tí a já ní oko jíjìn, tí a dì sínú àpò, tí ọkọ̀ ẹrù gbé dé ọjà Maili 12, tí alágbàtà rà níbẹ̀, tí ó sì tún sùn kí ó tó dé orí àtẹ ní Òṣòdì. Ilá kì í fẹ́ràn ìrìnàjò. Ìyá tí ó fẹ́ rà á yóò máa ṣẹ́ ṣóńṣó rẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan, títí ẹni tí ń tà á yóò fi bínú. Íńdíà nìkan ni orílẹ̀-èdè tí ń kórè ilá jù wá lọ ní gbogbo ayé, síbẹ̀ ilá tí ó ti kó ni a ń fi owó gidi rà ní Èkó.

Ẹni tí ó ní ìdí ilá mẹ́wàá péré ní ẹ̀yìnkùlé ti bọ́ lọ́wọ́ èyí. Kí ó rẹ irúgbìn sínú omi mọ́jú. Kí ó gbin mẹ́ta sínú ihò kan, kí ihò kan sì jìnnà sí èkejì ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà kan àbọ̀. Bí wọ́n bá hù tán, kí ó fa èyí tí kò lágbára tu. Ní nǹkan bí oṣù méjì, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í já. Kí ó máa já a ní ọjọ́ méjì-méjì tàbí mẹ́ta-mẹ́ta, nítorí èyí tí a bá fi sílẹ̀ gbó lórí igi ni í mú kí igi náà ṣíwọ́ èso. Kí ó má sì ṣe máa gbin ilá sí ojú kan náà lọ́dọọdún, nítorí àwọn aràn wínníwínní inú ilẹ̀ tí ń sọ gbòǹgbò rẹ̀ di kókó-kókó. Irú ilá mìíràn wà tí àwọn àgbà mọ̀ dáradára, tí ó ga ju ènìyàn lọ, tí kì í so títí ọjọ́ yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í kúrú. Òun ni í bọ́ ilé nígbà tí òjò bá ti ń kásẹ̀ nílẹ̀. Èyí tí ó bá sì ṣẹ́kù, a ó gé e sá sí oòrùn, a ó sọ ọ́ di orúnlá.

Ní ti sísè rẹ̀, a gbọ́ pé àwọn ọ̀dọ́ ìsinsìnyí ń da ilá sínú ẹ̀rọ ìlọta. Àwa kò fẹ́ jà, ṣùgbọ́n ọ̀bẹ ni a fi ń rẹ́ ilá. Kí omi àti irú kọ́kọ́ hó pọ̀; kí a da ilá sí i, kí a má ṣe dé ìkòkò, kí a sì sọ ọ́ kalẹ̀ kí àwọ̀ rẹ̀ tó yí padà. Ẹni tí yóò bá fi káún sí i, kí ó fi díẹ̀ gan-an, nítorí káún a máa ba àwọn èròjà aṣaralóore kan jẹ́ nínú ẹ̀fọ́. Ilá tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ já kò tilẹ̀ nílò káún kí ó tó fà.

Àwọn ará wa tí a kó lẹ́rú rékọjá òkun kò gbàgbé ilá. Ní Bahia ní ilẹ̀ Bràsíìlì, ní oṣù September, ọ̀pọ̀ ilé ń se caruru, èyí tí í ṣe ọbẹ̀ ilá pẹ̀lú epo pupa àti edé, fún Kósímà àti Dàmíánì tí àwọn ènìyàn ibẹ̀ so pọ̀ mọ́ Ìbejì. Ọmọdé méje ni a sì ń kọ́kọ́ bù fún. Àmàlà tí wọ́n ń gbé fún Ṣàngó níbẹ̀, ilá ni wọ́n fi ń sè é. Àwa tí a jẹ́ oníwàásù kò polówó òrìṣà fún ẹnikẹ́ni. Ohun tí a ń wí ni pé ẹni tí a fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ dè lọ mọ ilá, nígbà tí ọmọ tí a bí ní Ìsọlọ̀ rò pé inú ọ̀rá ni ilá ti ń hù. Àwa tí a ń kọ́ àwọn tí yóò di olùkọ́ ti rí èyí: kí a fi ewé ilá han kíláàsì kan, kí a má sì rí ẹni mẹ́ta tí yóò dá a mọ̀.

Elégédé ń bọ̀ bí ilá ti ń lọ. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ó ti ṣẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ lọ́dọ̀ wa tó bẹ́ẹ̀ tí a fi kà á sí ọmọ onílé. Àwọn òyìnbó a máa já irú tiwọn ní kékeré kí èèpo rẹ̀ tó le, wọn a gé e dín. Àwa náà lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n àwọn ìyá wa jinlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ: wọ́n ń jẹ ewé rẹ̀, tí í ṣe gbọ̀rọ̀, wọ́n ń jẹ èso rẹ̀ tí ó gbó, kóró rẹ̀ pàápàá kì í ṣòfò. Kò sì gba ilẹ̀ púpọ̀, nítorí yóò gun ọgbà lọ bí a bá fi ọ̀nà hàn án. Bí ó bá ń tanná tí kò so, oyin ni kò dé ibẹ̀; kí a já òdòdó akọ ní òwúrọ̀, kí a fi ra inú òdòdó abo tí ó ní ọmọ kékeré ní ìdí.

Ẹlòmíràn yóò wí pé ìjọba ti gbìyànjú èyí rí. Òótọ́ ni. Ní 1976 ni ìjọba ológun ìgbà náà kéde Operation Feed the Nation, a sì rí àgbàdo àti ẹ̀fọ́ ní àgbàlá ilé-ẹ̀kọ́ àti ti ọ́fíìsì. Nígbà tí ìjọba yí padà, igbó bo ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ìkéde ni ó gbìn wọ́n, kì í ṣe ikùn. Ẹni tí ó bá gbin ilá nítorí pé ó fẹ́ jẹ ilá kì í dúró de ìkéde.

Ayálégbé tí kò ní ilẹ̀ lè lo àpò ìrẹsì tàbí korobá tí ó ti fọ́, kí ó lu ihò sí ìdí rẹ̀, kí ó fi erùpẹ̀ àti imí adìẹ tí ó ti jẹrà kún un. Kí ó má ṣe bu erùpẹ̀ ní ìdí ibi tí àwọn mẹkáníìkì ti ń da ọ́ìlì àti omi bátìrì nù, kí ó má sì fi omi gọ́tà bomi rin ohun tí yóò jẹ.

Àrọ̀kúrò kù sí dẹ̀dẹ̀. Onílé tí ń kọ́lé lọ́wọ́ ní Òkóta tàbí ní Ìsọlọ̀, kí ó pe bírikìlà rẹ̀ kí ó tó po sìmẹ́ńtì àgbàlá, kí ó sì ní kí ó fi ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà sílẹ̀ lẹ́bàá ògiri ẹ̀yìn. Èyí tí ó ti dà á tán, ẹ wá ẹni tí ó ní òòlù.