Ààrò Kẹta Robert Nozick

Ẹni tó bá ń jà ní Amẹ́ríkà pé kí ìjọba yé gbowó orí lọ́wọ́ olówó, kì í pẹ́ tó fi ń dárúkọ Robert Nozick. Ọmọ Júù ni, Brooklyn ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1938, kò sì ju ẹni ọgbọ̀n ọdún lọ tó fi di ọ̀jọ̀gbọ́n ìmọ̀ ọgbọ́n orí ní Yunifásítì Harvard. Ìwé rẹ̀, Anarchy, State, and Utopia, jáde lọ́dún 1974, ó sì gba ẹ̀bùn National Book Award lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ohun tó wí níbẹ̀ le: kí ìjọba máa ṣọ́ olè, kí ó máa mú kí àdéhùn ṣẹ, kí ó sì fi ìyókù sílẹ̀. Lójú rẹ̀, owó orí lórí iṣẹ́ tí èèyàn ṣe kò yàtọ̀ sí iṣẹ́ àfipáṣe, bí ẹni tí wọ́n sọ di ìwọ̀fà láìjẹ kọ́bọ̀.

Agbábọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n nì, Wilt Chamberlain, ló fi ṣàpẹẹrẹ. Ó ní ká kọ́kọ́ pín ọrọ̀ ìlú bó ṣe wù wá. Bí mílíọ̀nù kan èèyàn bá wá fínnúfíndọ̀ san sẹ́ńtì 25 kọ̀ọ̀kan fún Chamberlain torí àtiwo eré rẹ̀, ó ti di olówó 250,000 dọ́là, ta ló sì rẹ́ jẹ? Àpẹẹrẹ yìí lágbára, mi ò sì tíì rí ẹni tó fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo bì í wó. Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tó ti bẹ̀rẹ̀: orí ìpín tí gbogbo wa ti gbà pé ó tọ́. Ta ló bá wa pín ti ayé gidi?

Ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù, mẹ́ta náà sì ni ìlànà tí Nozick tò lórí ohun ìní. Àkọ́kọ́, kí ọ̀nà tí nǹkan fi di tẹnìkan mọ́. Èkejì, kí ó jẹ́ ẹni tó ni ín ló tà á, tó fi tọrẹ tàbí tó fi í sílẹ̀ lógún. Ẹ̀kẹta, bó bá jẹ́ ipá tàbí jìbìtì ni wọ́n fi gbà á, kí wọ́n ṣàtúnṣe. Orí méjì àkọ́kọ́ ni àwọn tó ń fi orúkọ rẹ̀ jà máa ń gbé ìkòkò lé. Òun gan-an kò fún ẹ̀kẹta ju ojú ìwé mélòó kan lọ nínú ìwé tó lé ní ọ̀ọ́dúnrún ojú ìwé. Síbẹ̀, ó gbà níbẹ̀ pé ìrẹ́jẹ àtẹ̀yìnwá lè pọ̀ débi tí ìjọba yóò fi ní láti gbòòrò fúngbà díẹ̀ kó tó lè tún un ṣe. Ó tilẹ̀ dábàá pé, níwọ̀n bí ìṣirò gidi ti ṣòro, a lè ṣètò ìlú lọ́nà tí yóò ṣe àwọn tó kù sẹ́yìn jù lọ láǹfààní jù lọ. Àbá yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ti John Rawls, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Harvard tó ń bá jiyàn!

Ìrẹ́jẹ yìí kì í sì í ṣe àròsọ. Àdéhùn tí ìjọba Amẹ́ríkà ṣe lọ́dún 1868 fi òkè Black Hills sílẹ̀ fún àwọn Sioux, ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà. Wọ́n rí góòlù níbẹ̀ ní 1874, nígbà tó di 1877, ìjọba gba ilẹ̀ náà. Ní 1980, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní kí ìjọba sanwó rẹ̀ tèlé-tèlé, ó lé ní 100 mílíọ̀nù dọ́là. Àwọn Sioux kò gbà á. Ilẹ̀ wọn ni wọ́n ń fẹ́. Ní gúúsù, ó tó mílíọ̀nù mẹ́rin èèyàn tó wà lóko ẹrú ní 1860. Ní oṣù kìíní 1865, Ọ̀gágun Sherman pàṣẹ kí wọ́n pín ilẹ̀ fún àwọn tó ti dòmìnira, ìdílé kan kò ní ju éékà 40 lọ. Kí ọdún náà tó parí, Ààrẹ Andrew Johnson ti ń dá ilẹ̀ padà fún àwọn tó kó wọn lẹ́rú. Ibi tí iṣẹ́ àfipáṣe ti wáyé ní ti gidi nìyẹn, láìsí àfiwé kankan.

Àwọn tó ń fi orúkọ Nozick jà á ní àwọn tó ṣe é ti kú. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ogún wọn kò bá wọn kú, ogún náà sì ni ààrò kejì ń gbèjà. Bí ẹ̀tọ́ bá lè ti ọwọ́ bàbá dé ọwọ́ ọmọ, kí ló máa dí gbèsè lọ́nà? Wọ́n á tún ní ọ̀pọ̀ olówó òní ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ Amẹ́ríkà ni, bíi bàbá Nozick fúnra rẹ̀ tó wá láti Rọ́ṣíà. Ẹni tó ra ẹrù olè láìmọ̀ kì í ṣe olè lóòótọ́, àmọ́ ẹrù náà kò tìtorí bẹ́ẹ̀ di tirẹ̀. Àtúnṣe kò sì nílò kí a fi ẹnikẹ́ni ṣe ọ̀daràn.

Ní 1989, nínú The Examined Life, Nozick kọ ọ́ pé ohun tí òun ti wí tẹ́lẹ̀ kù díẹ̀ káàtó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kó tó kú ní 2002, ó ní òun kò tíì kúrò nínú ìgbàgbọ́ pé kí ọwọ́ ìjọba mọ níwọ̀n. Inú ìwé yẹn náà ló ti yíjú sí ogún tí ààrò kejì rẹ̀ ń gbèjà, tó sì dábàá owó orí lórí rẹ̀: kí wọ́n yọ iye tí olóògbé fúnra rẹ̀ jogún kúrò nínú ohun tó fẹ́ fi sílẹ̀, kó jẹ́ kìkì ohun tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kó jọ ni yóò kan àwọn ọmọ rẹ̀.