Ta ló ń bọ́ akọ̀ròyìn tó ń kọ́ṣẹ́?

Ọdún 2013 ni. Àwọn olùkọ́ fásitì gùn lé ìyanṣẹ́lódì lóṣù Keje, wọn ò padà títí di oṣù Kejìlá. Èmi tí mò ń kàwé òfin wá bá ara mi nílé n'Ísẹ́yìn, mò ń bá ìyá mi jókòó ní ìsọ̀. Mo ní kàkà kí n máa ka eṣinṣin, ẹ jẹ́ kí n lọ kọ́ṣẹ́ ìròyìn. Bí mo ṣe gba Ìbàdàn lọ nìyẹn, sí iléeṣẹ́ ìwé ìròyìn kan tí mi ò ní dárúkọ.

Lọ́jọ́ tí mo dé, ọ̀gá kan níbẹ̀ sọ fún mi pé: "Àbúrò, a ò ní owó oṣù fún ẹ o. Ṣùgbọ́n tó o bá ti ń lọ síbi ètò, ebi ò ní pa ẹ́." Mo rò pé àdúrà ló ń gbà fún mi, mo ṣe àmín.

Ó tó oṣù kejì kí ọ̀rọ̀ yẹn tó yé mi. Ẹ̀gbọ́n mi kan pè mí láti abúlé kan lọ́nà Òkèhò pé kànga ẹ̀rọ tí wọ́n gbẹ́ fún wọn ti bàjẹ́, omi odò ni wọ́n ń mu, inú sì ti ń run àwọn ọmọ. Mo sáré tọ ọ̀gá lọ. Ó ní, "Ta ló máa san owó ọkọ̀ ẹ?" Ìròyìn náà kú síbẹ̀.

Lọ́sẹ̀ yẹn kan náà, olóṣèlú kan fi bọ́ọ̀sì gbé wa lọ síbi tó ti ń ṣí kíláàsì tuntun. A jẹ ìrẹsì, a mu ẹlẹ́rìndòdò, wọ́n sì fún kálukú wa ní àpòòwé: "Owó ọkọ̀ yín rèé." Ẹgbẹ̀rún méjì náírà ló wà nínú tèmi. Mo fojú ara mi rí i pé kò sí àga kan ṣoṣo nínú kíláàsì yẹn. Mi ò kọ ọ́. Ìròyìn jáde, àwòrán ọkùnrin náà ń rẹ́rìn-ín, orúkọ mi wà lábẹ́ rẹ̀. Ìyá mi gé e, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri pálọ̀.

Ẹnu tó bá jẹ dòdò kò lè sọ òdodo. Abala 22 nínú ìwé òfin ilẹ̀ wa ti 1999 ní kí àwọn iléeṣẹ́ ìròyìn máa mú ìjọba jíhìn fún aráàlú. Abala yẹn ò sọ ẹni tó máa san owó ọkọ̀. Tí iléeṣẹ́ ò bá sì san án, ẹni tó yẹ kó jíhìn ló máa san án.

Ẹ má ṣì mí gbọ́ o, kíkọ́ṣẹ́ ò burú. Awólọ́wọ̀ náà kọ́ṣẹ́ akọ̀ròyìn ní Nigerian Daily Times lọ́dún 1934, kó tó lọ kàwé òfin ní London, kó tó dá Nigerian Tribune sílẹ̀ n'Íbàdàn lọ́dún 1949. Ṣùgbọ́n ẹ wo àwọn tó ń hun aṣọ òfì n'Ísẹ́yìn tiwa. Ọmọ iṣẹ́ tó ń gbé lọ́dọ̀ ọ̀gá, ọ̀gá ló ń bọ́ ọ. Kò ní ní kó lọ jẹun lọ́wọ́ oníbàárà, torí oníbàárà tó bọ́ ọmọ iṣẹ́ lónìí á fẹ́ gba aṣọ lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́la.

Mo mọ̀ pé nǹkan ò rọgbọ fún àwọn iléeṣẹ́ ìròyìn. Bébà ti wọ́n, ìpolówó ti sá lọ sórí Facebook àti Google. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ ò bá lè bọ́ ọmọ iṣẹ́ mẹ́wàá, ẹ gba méjì. Ìjọba náà ò gbọdọ̀ dákẹ́. Látọdún 1973 ni ètò SIWES ti wà fáwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ́ṣẹ́. Nígbà tiwa, 2,500 náírà lóṣù ni wọ́n ń san. Lónìí, iye yẹn ò lè gbé èèyàn láti Ìbàdàn dé Ṣakí.

Ibi tó ti dùn mí jù nìyẹn. Ìjọba ìbílẹ̀ 10 nínú 33 tó wà n'ípìnlẹ̀ Ọ̀yọ́, Òkè-Ògùn ló wà. Iṣu wa ń dé ọjà yín, àgbàdo wa ń dé ọjà yín. Ìgbà wo lẹ wá ka ìròyìn Kìṣí tàbí Ìgbòho kẹ́yìn, tí kì í ṣe ti ajínigbé? Kò sí olóṣèlú tó máa fi bọ́ọ̀sì gbé akọ̀ròyìn lọ wo kànga tó bàjẹ́.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ fẹ́ lọ kọ́ṣẹ́ ìròyìn, ẹ lọ o, iṣẹ́ gidi ni. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹ fọ̀wọ̀ béèrè: "Ọ̀gá, ta ló máa san owó ọkọ̀ mi?" Èmi ò béèrè nígbà yẹn. Ìròyìn yẹn ṣì wà lára ògiri ìyá mi, mi ò sì tíì lè sọ fún wọn pé kò sí àga nínú kíláàsì náà.